Ọmọdé, Ìbòjú àti Owó Ọdún

Bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé, ẹnu ọ̀nà kì í sinmi ní Kirikiri àti Ajégúnlẹ̀. Ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò dé, ọ̀kan nínú wọn wà nínú àpò ìrẹsì tí wọ́n gé ihò ojú sí, àwọn yòókù ń lu agolo mílíìkì. "Ẹ kú ọdún o! Ẹ fún eégún lówó!" Ìyá kan yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì wá náírà díẹ̀ fún wọn. Òmíràn yóò lé wọn, yóò ní òun kò fẹ́ ohun èṣù lẹ́nu ọ̀nà òun. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, irú ìyá kejì yìí kan náà ni ẹ ó rí ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà tó ń wá aṣọ àjẹ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ Halloween nílé ìwé.

Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ni Halloween. Samhain ni àwọn ará Írẹ́lándì àtijọ́ ń pe àkókò náà: ìkórè ti parí, òtútù ń bọ̀, wọ́n sì gbà pé ẹ̀mí àìrí ń rìn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìjọ Kátólíìkì fi àjọ̀dún gbogbo àwọn ẹni mímọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù Bélú, ìrántí gbogbo òkú sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 2. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn tálákà àti ọmọdé a máa lọ láti ilé dé ilé. Onílé yóò fún wọn ní kéèkì kékeré, àwọn náà yóò gbàdúrà fún òkú ilé náà. Ní Skọ́tlándì, ọmọ tó fi nǹkan bojú gbọ́dọ̀ kọrin tàbí kí ó ké ewì kí ó tó gba èso.

Àwọn ará Írẹ́lándì tí ìyàn ọdún 1845 sí 1852 lé kúrò nílé wà lára àwọn tó gbé àṣà náà dé Amẹ́ríkà. Túnípù ni wọ́n ń gbẹ́ ṣe fìtílà nílé. Elégédé ni wọ́n bá níbẹ̀, ó tóbi, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Àwọn ọmọ wá ń sọ lẹ́nu ọ̀nà pé kí onílé fún àwọn ní nǹkan dídùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fojú rí nǹkan. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín wọn. Eégún tiwa náà kì í fi pàṣán sílẹ̀ nílé.

Ará ọ̀run ni egúngún. Ó ń wá sí agbo ilé, ó ń súre, àwọn ará ilé sì ń ta á lọ́rẹ. Ẹnì kankan kò kọ́ Yorùbá ní èyí láti Írẹ́lándì. Àwọn Àgùdà tó ti Brasil dé sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tún mú kàrẹ́tà wá, èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìbòjú lédè Potogí. Ajégúnlẹ̀ ní tirẹ̀ kún fún Ìlàjẹ, Íjọ̀, Ùròbò àti Ígbò, àwọn Íjọ̀ àti Ígbò sì ní eégún tiwọn. Ta ni yóò sọ pé ti ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ọmọ inú àpò ìrẹsì yẹn?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe èṣù. Ọkọ̀ agbépo àti ọkọ̀ akóǹténà ni. Ọmọ tí ìbòjú dí lójú kò rí ẹ̀gbẹ́, ojú ọ̀nà Àpápá àti Kirikiri kì í sì í ṣe pápá ìṣeré. Òbí Amẹ́ríkà púpọ̀ máa ń tẹ̀ lé ọmọ kékeré, ẹlòmíràn sì ń kun ojú ọmọ dípò ìbòjú. Èyí gan-an ló yẹ ká yá lọ́wọ́ wọn: kí àgbà kan tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n má kọjá títì ńlá, kí wọ́n sì wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń ju báńgà sí onílé tí kò fún un lówó, ìyẹn kì í ṣe eégún, ìpáǹle ni.

Ní tèmi, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọrin. Ọmọ tó bá lè ki oríkì ara rẹ̀, ìlọ́po méjì ni mo máa ń fún un.