Ọjọ́ Orí Ọmọ Kì Í Ṣe Ohun À Ń Fojú Wọ̀n

  Ọdún ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí sì ti ń bi mí pé báwo la ó ṣe pín àwọn ọmọ sí ìjàkadì lọ́tẹ̀ yìí. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Èmi ni mò ń so àwọn ọmọ pọ̀ ní agbo ilé wa níbí n'Ílọrin nígbà kan. Ojú ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹ dìde, ẹ fèjìká kan èjìká, ó parí. Lọ́dún kan, mo so ọmọ ọdún 11 pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ 12. Mo rí i pé apá ọmọ kejì ki díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù ti ń dún, èrò ti pé, mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Kò pẹ́ rárá tí èyí kékeré fi lọ sílẹ̀. Èjìká ló fi balẹ̀, eegun rẹ̀ sì kán. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, ó jinná. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti lu ìlù ìjàkadì, ẹ̀yìn èrò ló ń dúró sí. Ó ti ń hu irùngbọ̀n báyìí, kò tíì padà sórí yanrìn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá àgbà ọmọ kejì mú ìwé kan jáde. Inú ìwé yẹn ni bàbá máa ń kọ ẹsẹ̀ntáyé gbogbo ọmọ ilé sí: ọjọ́ tí wọ́n bí i, Odù tó jáde, èèwọ̀ rẹ̀. A ṣírò ọdún. Ọmọ tí wọ́n pè ní 12 ti pé 15! Wọ́n ti dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kó lè bá àwọn kékeré díje níta, irọ́ náà ló wá tẹ̀ lé e wálé. N ò di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá ọmọ o. Èmi tí mo fojú wọ̀n ọmọ, tí mo sì fura, tí mo dákẹ́, ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù.

Irọ́ yìí kì í ṣe ti agbo ilé wa nìkan. Yunifásítì Ìlọrin tó wà nítòsí wa yìí gbàlejò ìdíje àwọn ọ̀dọ́ gbogbo Nàìjíríà, National Youth Games, ní 2018 àti 2019. Ọmọ ọdún 15 ni òpin níbẹ̀, ìjàkadì sì wà lára eré tí wọ́n ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ti dá àwọn tó ti dàgbà jù padà nínú ìdíje yẹn. Ẹni tó ń dín ọjọ́ orí ọmọ kù rò pé ọmọ òun lòun ń gbè. Ọmọ ẹlòmíì ló ń fi sínú ewu.

Bàbá kan nínú ẹbí bi mí pé, "Ní Ọ̀fà, tí Ọlọ́fà àti Ẹ̀sà bá ń jìjàkadì lọ́jọ́ ọdún Onímọ̀ka, ta ló ń béèrè ọjọ́ orí wọn?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, Bàbá, orò nìyẹn, oyè ló pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ti àwọn ọmọ wa, ẹni tí yóò dá ẹnì kejì là ń wá. Ẹ má sì jẹ́ ká sọ pé àwọn baba wa kì í pín ọmọ. Kí ni ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà wà fún nílẹ̀ Yorùbá? Ojúgbà ẹni là ń bá ṣeré.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan ò tó. Ẹ wo ọmọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ 13. Ara ọmọkùnrin lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà láti nǹkan bí ọdún 9, ti òmíì lè dúró títí di 14. Ohùn ọ̀kan ti kẹ̀, èkejì ṣì dà bí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, agbára wọn ò dọ́gba. Ibi tí eegun ọmọ ti ń gùn sí i ṣì rọ̀, ìṣubú tí àgbà yóò gbọn nù lè ba ibẹ̀ jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí àjọ United World Wrestling, tó ń darí ìjàkadì lágbàáyé, fi ń lo méjèèjì. Ọmọ ọdún 14 àti 15 wà pa pọ̀. Ẹni ọdún 13 ò lè bá wọn jà àyàfi tí dókítà àti òbí bá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún fi ìwọ̀n ara pín wọn. Ọjọ́ orí ni ẹnu ọ̀nà agbo ilé, ìwọ̀n ara ni ilẹ̀kùn yàrá.

Ohun tí mo ń dábàá rèé. Kí ọmọ tí kò tíì pé 8 kàn máa ṣeré, ká má pe ẹnikẹ́ni ní olúborí. Lẹ́yìn náà, 8 sí 9, 10 sí 11, 12 sí 13, 14 sí 15, 16 sí 17. Ọjọ́ ìjàkadì gan-an ni ká fi ka ọjọ́ orí, kì í ṣe ọdún ìbí lásán. Ọmọ oṣù kìíní fi bí oṣù 11 ju ọmọ oṣù kejìlá lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe kékeré fún ọmọ ọdún 8. Ká wá yá ẹ̀rọ ìwọ̀n. Kí ìyàtọ̀ ìwọ̀n ọmọ méjì má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ: tí ọ̀kan bá jẹ́ kìlógíráàmù 30, kí èkejì má kọjá 33. Ẹni tó ti ń kọ́ ẹkẹ láti ọdún mẹ́ta, ká má so ó mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn obìnrin, láàárín ara wọn. Tí a ò bá rí ojúgbà ọmọ kan, kó bá olùkọ́ rẹ̀ ta kìtì, ká pàtẹ́wọ́ fún un, kó lọ jókòó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ wo ìwé ẹsẹ̀ntáyé ọmọ yín. Ẹ fi ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kí ọdún tó pé, àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìbí tẹ́ ẹ bá ní in. Ẹni tó bá ti dín in kù tẹ́lẹ̀, kó wá sọ òótọ́. A ò ní dójú tì í. A ò lè tẹ ọmọ nífá lónìí ká tún parọ́ ọjọ́ tó wáyé lọ́la.

Ní tèmi, mo ti bẹ ọmọ ìjọ́sí yẹn pé kó wá dúró ti ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ́dún yìí. Ó ní òun á rò ó wò.

Ẹ kú ìmúra ọdún. Kí Ẹ̀dá wa má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe ọmọ wa léṣe o. Àṣẹ.