Níkẹ́lì wo ló lè bá omi Èkó jà?

Ẹni tó bá ti gbé ní Navy Town rí, ní agbègbè Ọ̀jọ́ nípìńlẹ̀ Èkó, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé iyọ̀ a máa jẹ irin. Páànù tí wọ́n fi bo ilé kì í pẹ́ kó tó pọ́n, irin ojú fèrèsé a máa wú, a sì máa rún wómúwómú. Títí dé Ìbà àti Okokomáíkò, ẹjọ́ kan náà ni àwọn onílé ń rò. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tìtorí wọn kọ́ Navy Town, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ojú omi, ní ìṣòro tó ju ti páànù lọ. Ẹ̀mí wà lórí irin tiwọn: páìpù tó ń gbé omi òkun wọ inú ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè tutù, ẹ̀rọ tó ń ṣí ọ̀nà omi tó sì ń pa á dé, ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lu lójú agbami, kò sí wẹ́dà ìkóríta tí wọn yóò sáré pè.

Níkẹ́lì ni àwọn onímọ̀ nípa irin ti ń sá di láti ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn. Kì í sábà dá ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ bàbà, chromium tàbí molybdenum ni. Ibi tí wàhálà wà ni pé orúkọ kan ṣoṣo yìí bo oríṣiríṣi irin mọ́lẹ̀. Èyí tó dára nínú omi iyọ̀ lè yọ́ dànù nínú ásíìdì, èyí tó ń fi ásíìdì ṣeré sì lè jẹ́ ìfowóṣòfò lásán nínú omi.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta, ọdún 2022, tọ́ọ̀nù níkẹ́lì kan fò kọjá $100,000 ní ọjà irin ìlú London, títí tí wọ́n fi dá kàràkàtà rẹ̀ dúró. Owó náà ti wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà, nítorí pé èyí tí orílẹ̀-èdè Indonesia ń wà jáde pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, náírà sì ni ọmọ Nàìjíríà fi ń wá dọ́là ọ̀hún. Ìròyìn kan tí àjọ NACE, tó ń rí sí ìmọ̀ nípa bí irin ṣe ń dógùn-ún, gbé jáde ní 2016 ṣírò rẹ̀ pé ìpẹtà ń ná gbogbo ayé ní tírílíọ̀nù dọ́là 2.5 lọ́dún. Wọ́n ní ìdá 15 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún àdánù náà ni kò ní wáyé rárá bí àwọn ènìyàn bá lo ìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé irin stainless ti yanjú gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní 304, ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò rí, tí chromium inú rẹ̀ ń hun. Iyọ̀ òkun ni ọ̀tá awọ náà. Níbi tó bá ti dá a lu, inú ni yóò máa jẹ lọ. Ihò bíńtín ni ènìyàn yóò rí lóde, tí inú ti dòfìfo. Oríṣi 316, tí wọ́n fi molybdenum ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún kún, sàn jù ú lọ, ó sì lè tó fún géètì ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀sà. Kí ó máa gbé inú omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì dúró sójú kan, ti kọjá agbára rẹ̀.

Fún páìpù inú ọkọ̀, irin tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ojú omi lágbàáyé ń lò ni èyí tí wọ́n fi bàbà bí ìdá 90 àti níkẹ́lì ìdá 10 pò pọ̀, pẹ̀lú irin díẹ̀. Owó rẹ̀ kò ga tó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè jó o pọ̀, àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ kò sì fẹ́ràn bàbà. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń sáré nínú rẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 3.5 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò máa họ awọ ààbò ara rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá tìtorí àtifowópamọ́ lo páìpù tóóró ń ra wàhálà ni.

Ohun tó wá yẹ kí àwọn tó ń rajà fún ọkọ̀ ní Èkó fọkàn sí jù ni pé omi òkun tó mọ́ ni àwọn ìwé tó yin irin yìí ń sọ. Ta ni yóò pe omi etí Èkó ní èyí tó mọ́? Ẹ̀gbin ilé ìyàgbẹ́ ń ṣàn wọ inú ọ̀sà, ìyẹ̀fun pákó láti ibi ìlagi Òkò Bàbà ní Èbúté-Mẹ́ta sì ti rà sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí nǹkan wọ̀nyí bá ń jẹrà nísàlẹ̀ omi tí afẹ́fẹ́ kò dé, wọ́n a máa tú gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ jáde. Gáàsì náà, tí wọ́n ń pè ní hydrogen sulphide, ni olórí ọ̀tá irin tí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀. Kì í jẹ́ kí awọ ààbò náà dì dáadáa. Páìpù tuntun ló máa ń jìyà rẹ̀ jù. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gba omi tó mọ́ kọjá nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè fara da ìdọ̀tí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bó bá jẹ́ pé omi ìdọ̀tí ebúté ló kọ́kọ́ mu, ó lè lu kí ọdún tó yípo.

Ìdúró sójú kan tún ń bu epo sí iná yìí. Ọkọ̀ tó ń rìn máa ń fọ inú ara rẹ̀. Èyí tó dúró ní ebúté ni omi ń rà sínú páìpù rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ ìtàn NNS Aradu, ọkọ̀ ogun ńlá tí wọ́n kàn ní ìlú Hamburg ní Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ìdákọ̀ró, mọ̀ pé ìdúró pípẹ́ kì í ṣe àjèjì fún ọkọ̀ Nàìjíríà.

Ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n kúkú ra Monel, tí níkẹ́lì inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 67, tí ìyókù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà tán. Irin líle ni, kò sì lẹ́gbẹ́ púpọ̀ níbi tí omi ti ń sáré kíkankíkan. Nínú omi tó dúró, abẹ́ ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ti ń luhò. Ìtàn kan sì wà nípa rẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ irin kì í gbàgbé. Ní 1915, olówó ará Amẹ́ríkà kan, Alexander Cochran, ní kí wọ́n kan ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan fún òun, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sea Call. Monel ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ lóde, irin lásán ni wọ́n fi ṣe egungun inú. Bẹ́ẹ̀, bí irin méjì tí kò dọ́gba bá fara kan ara wọn nínú omi iyọ̀, bí bátìrì ni wọ́n ń ṣe: iná a máa ṣàn láàárín wọn, èyí tó rẹlẹ̀ a sì máa run nítorí èyí tó ga. Kò pẹ́ rárá tí egungun Sea Call fi jẹ, tí wọ́n sì tú ọkọ̀ náà palẹ̀. Ní ti Monel, kò sí ohun tó ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi níkẹ́lì olówó gọbọi rọ́pò ohun tó bàjẹ́ nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè irin wo ni yóò gbé e tì.

Èyí tí omi òkun kò fi bẹ́ẹ̀ rí ṣe, yálà ó ń sáré tàbí ó dúró, ni 625. Níkẹ́lì inú rẹ̀ kì í dín sí ìdá 58, ó sì ní chromium ìdá 20 sí 23 àti molybdenum ìdá 8 sí 10. Kódà, inú kọ̀rọ̀ tóóró tí omi gbígbóná há sí lè yọ òun náà lẹ́nu. Láti fi ṣe gbogbo páìpù ọkọ̀ yóò sọ olówó di onígbèsè. Àwọn tó gbọ́n máa ń fi jó ojú irin lásán níbi tó léwu jù, wọn a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún irin tí owó rẹ̀ kéré.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí omi. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ agbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í mú epo jáde ní 2024. Nílé ìfọpo káàkiri ayé, iyọ̀ inú epo rọ̀bì a máa di ásíìdì hydrochloric bí iná bá kàn án. Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní B-2, tí molybdenum inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 28, tí kò bẹ̀rù ásíìdì yìí bó tilẹ̀ ń hó. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà díẹ̀ láti ara páìpù àtijọ́ bá yọ́ sínú ásíìdì náà, kíá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà fi ń yan C-276, tó ní chromium tirẹ̀ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀.

Kí wọ́n tilẹ̀ yan èyí tó tọ́, ṣé òun náà ni wọn yóò gbé fún wọn? Màgínẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi dá irin mọ̀ lọ́jà. Kò wúlò níbí. Màgínẹ́ẹ̀tì a máa fa ojúlówó níkẹ́lì, ó lè fa Monel díẹ̀díẹ̀ bí ara rẹ̀ bá tutù, kì í fa 625, kì í sì í fa 304 tí owó rẹ̀ kéré sí i jìnnàjìnnà. Ẹni tó bá ta 304 ní orúkọ 625 yóò yege ìdánwò yẹn láìlàágùn. Ẹ̀rọ alágbèéká kan wà tó ń fi ìtànṣán X-ray ka ohun tó wà nínú irin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ó yẹ kí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń kó irin ọkọ̀ ogun sí.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú ni pé àwọn ọmọ ogun ojú omi ti ń kan ọkọ̀ fúnra wọn ní Naval Dockyard, Victoria Island. NNS Andoni wọ iṣẹ́ ní 2012, NNS Karaduwa tẹ̀ lé e ní 2016, NNS Oji sì dé ní 2021. Ẹni tó bá kan ọkọ̀ ló ń yan irin rẹ̀, kò sì sí ará Hamburg kankan tí wọn yóò di ẹ̀bi rù bí èyí bá jò. Ìdánwò kan wà tí kò gba owó ńlá: kí wọ́n gé irin oríṣiríṣi ní ègé kéékèèké, kí wọ́n wọ̀n wọ́n, kí wọ́n so wọ́n sínú omi ní Àpápá, ní Victoria Island àti ní etí omi Ọ̀jọ́, kí wọ́n sì máa yọ díẹ̀ lóṣooṣù láti tún un wọ̀n. Yunifásítì LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́ kan náà pẹ̀lú Navy Town, kò sì ṣòro fún àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ibẹ̀ láti bá wọn ṣe é. Òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan ti tó láti fi mọ èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣì pé.