Ẹni Tó Fẹ́ Ran Ilé-Ìwé Lọ́wọ́, Kó Dúró Pẹ́



Àwọn kan nínú wa máa ń fi oṣù mélòó kan gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ran ilé-ìwé ibẹ̀ lọ́wọ́ láìgbowó. Ó dára. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ìlú Leh, ní Ladakh, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Orí òkè ló wà, ó ga tó 3,500 mítà, òtútù ibẹ̀ sì ń sọ omi di yìnyín. Nítòsí ibẹ̀ ni ilé-ìwé SECMOL wà. Ọdún 1988 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ilé alámọ̀ ni wọ́n kọ́, oòrùn ló ń mú un móoru. Àwọn àlejò máa ń lọ bá àwọn ọmọ náà sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Èrò tiwa ni pé ọ̀sẹ̀ kan kò tó. Afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́. Àlejò ní láti kọ́kọ́ sinmi kí ara rẹ̀ tó mọ ọ́n lára. Ọmọ tó ń tijú náà kì í lanu lọ́jọ́ kìíní. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ dìde ńlẹ̀, kí lẹ wá ṣe? Ẹni tó pàtẹ lónìí, tó palẹ̀ mọ́ lọ́la, ta ni yóò di oníbàárà rẹ̀?

Láti 1995 ni ìtọ́jú àdúgbò ti wà nínú ìlànà méje tí ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù àgbáyé ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹ béèrè ohun tí tíṣà ń fẹ́, ẹ má gbaṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì pé ọjọ́ tẹ́ ẹ dá.