Pọ́lọ́ọ̀gì Tí Ó Wà Nínú Ilé Wa, Ta Ni Ó Ń Jíṣẹ́ Fún?

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ìjòyè, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ara yín ra iná lò, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí a fẹ́ fi tó yín létí nínú ìwé oṣù yìí. Ohun náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ara ẹni wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá pàápàá sì wà nínú rẹ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní smart plug, tí a ń kì bọ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, tí a sì tún ń kì ẹnu wáyà fíríìjì tàbí ti fáànù bọ òun náà lójú. Ó lè tan ẹ̀rọ, ó lè pa á. Púpọ̀ nínú wọn sì lè wọn iye iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ìlú London lè rà á ránṣẹ́ sílé, nítorí pé irú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń lò níbẹ̀ náà ni àwa ń lò níhìn-ín.

A kò rò pé ẹnìkan yóò bi wá léèrè ìdí tí a fi ní láti wọn iná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ NERC, tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, kéde pé àwọn tí ó wà ní Band A, àwọn tí a ṣèlérí ó kéré tán iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, yóò máa san náírà 225 lórí yúníìtì kan, nígbà tí ó jẹ́ pé nǹkan bí náírà 68 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún wọ́n sọ ọ́ di náírà 206 àti kọ́bọ̀ 80. Ní oṣù keje wọ́n tún gbé e sí náírà 209 àti kọ́bọ̀ 50. Mítà ara ògiri ń sọ fún wa pé owó ń tán. Kò sọ ẹni tí ń jẹ ẹ́. Baálé a máa bá ìyàwó jà nítorí áyọ́ọ̀nù, ìyàwó a máa bá ọmọ jà nítorí tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé fíríìjì ògbólógbòó tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já ni olè náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tí ń jẹ wáàtì 10 péré, tí a kì í pa, bí iná bá wà fún wákàtí 20 lójúmọ́, yóò jẹ yúníìtì 73 láàrin ọdún kan. Ní iye owó ti oṣù keje ọdún 2024 nì, náírà 15,293 àti kọ́bọ̀ 50 ni ìyẹn, fún ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Pọ́lọ́ọ̀gì yìí ni ìbá tú àṣírí olè náà fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣe, bí a bá lò wọ́n gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ wá. Pọ́lọ́ọ̀gì tí ó wà nínú iyàrá yín kì í bá yín sọ̀rọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbà lọ bá kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ ní òkèèrè, láti ròyìn fún un pé ẹ̀rọ ilé lágbájá ti tàn, ó ti kú, ó ti jẹ báyìí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yin tí ẹ fi owó rà á yóò tó fi fóònù yín tọrọ ìròyìn náà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà òkèèrè ọ̀hún. Bí dátà bá tán, onílé ti di àlejò sí ọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń ka iná ilé kan lójoojúmọ́ lè mọ ìgbà tí wọ́n ń sùn níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń jí, àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lọ sí ìrìn àjò. Ọlọ́jà wo ni yóò gba irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ààfin, tí yóò sì tún máa bọ́ ọ?

Èyí kò tilẹ̀ burú tó ọjọ́ tí ọ̀gá òkèèrè bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Nest, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá Google lábẹ́ Alphabet, pa kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ̀rọ Revolv, ẹ̀rọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi owó gidi rà sì di òkúta lórí tábìlì wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, àwọn oníbàárà Insteon rí i lójijì pé kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà ti dákẹ́. Díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà náà ni ó wá ra ilé iṣẹ́ ọ̀hún ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Ní oṣù keje ọdún 2025, Belkin kéde pé ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 ni òun yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ Wemo rẹ̀. Bí ó bá rí báyìí fún àwọn tí ń bẹ nítòsí ọ̀gá, báwo ni yóò ti rí fún ẹni tí ń bẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Oògùn rẹ̀ wà. Nínú pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ni ọpọlọ kékeré kan wà, chip tí kò ju èékánná lọ, tí ń tẹ̀lé ètò tí a kọ sínú rẹ̀. Firmware ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ètò náà. Ètò yìí ni ó ń rán an lọ sí òkèèrè. Ẹni tí ó bá pa á rẹ́, tí ó sì kọ òmíràn sí ipò rẹ̀, ti sọ ìránṣẹ́ àjèjì di ọmọ ilé. Ní ọdún 2014 ni chip ESP8266, tí ilé iṣẹ́ Espressif ti ìlú Shanghai ṣe, di mímọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ káàkiri ayé, nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Theo Arends, ará Netherlands, kọ ètò kan fún àwọn ẹ̀rọ Sonoff tí a ń ṣe ní ilẹ̀ Ṣáínà, orúkọ rẹ̀ àti ti iṣẹ́ náà ni a sì hun pọ̀ di Tasmota. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà sì lè ka gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì tí ó bá gba Tasmota kò ní ọ̀gá ní òkèèrè mọ́. Ó ń ṣí ojú ìwé tirẹ̀ fún onílé lórí Wi-Fi ilé náà, ìbáà jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì wà, ìbáà jẹ́ pé kò sí. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣì ń béèrè ní ìta ni aago, nítorí pé bí iná bá lọ kì í rántí àkókò mọ́. Kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú ilé sì lè dá a lóhùn ìyẹn.

Àwọn àgbà kan yóò wí pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni èyí, kò kan ẹgbẹ́ bíi tiwa. A kò gbà. Àwọn ọmọ tí ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà ń yọ chip, wọ́n ń lẹ chip, wọ́n ń kọ ètò tuntun sínú fóònù lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ti pọ́lọ́ọ̀gì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà mẹ́rin péré ni a ó so mọ́ inú rẹ̀ láti ara kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó kù ni pé kí ẹnìkan kọ́ wọn, kí ó sì kọ́ wọn ní ewu rẹ̀ ṣáájú ìmọ̀ rẹ̀.

Ewu náà nìyí. Nínú púpọ̀ nínú àwọn pọ́lọ́ọ̀gì tí ń wọn iná, kò sí ògiri kankan láàrin iná fólítì 230 àti ibi tí a ń so wáyà kọ̀ǹpútà mọ́. Ẹni tí ó bá so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn nígbà tí ó ṣì wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì lè kú, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì lè jóná. Kí pọ́lọ́ọ̀gì náà kúrò lára ògiri pátápátá. Kí iná fólítì 3.3 tí ń ti ara kọ̀ǹpútà wá nìkan máa bọ́ ọ. Kí a sì pa ìdérí rẹ̀ dé dáadáa kí ó tó padà sójú iná. Ẹ má ṣe fi í sí ẹnu ẹ̀rọ tí ń fa omi tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ńlá, nítorí pé iná tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń gbéra lè lẹ ẹnu ìtanná inú rẹ̀ pọ̀, kò sì ní lè pa mọ́.

Bí ètò tuntun bá ti wọlé tán, òṣùwọ̀n kù. Chip tí ń wọn iná, irú HLW8012 tàbí BL0937, kì í dọ́gba láti inú pọ́lọ́ọ̀gì kan dé èkejì. A ní láti tọ́ ọ sọ́nà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kóńgò tí ó péye dán kóńgò ọjà wò. Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a tan gílóòbù onírin wáàtì 60, kí a sì sọ fún pọ́lọ́ọ̀gì náà pé 60 ni èyí. Ìmọ̀ràn yìí dára ní ilẹ̀ tí iná kì í yẹ̀. Níhìn-ín, níbi tí fólítì 230 ti lè di 180 kí a tó ṣẹ́jú, gílóòbù 60 kì í jẹ 60 mọ́, ẹni tí ó bá sì gbà bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ ní irọ́ pípa. Kí a fi mítà ọwọ́ tí a gbẹ́kẹ̀lé wọn fólítì àti ìṣàn iná ní ìṣẹ́jú kan náà, kí a sọ ọ̀kan di púpọ̀ lọ́nà èkejì, kí a tó fún un ní iye. Gílóòbù tàbí áyọ́ọ̀nù ni kí a fi ṣe é, kì í ṣe fáànù.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á sì béèrè dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tuntun ń lo chip mìíràn tí Tasmota kò lè wọ̀. Àwọn olùtajà wà ní Yúróòpù tí ń ta èyí tí Tasmota ti wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni kí àwọn tí ó wà ní London máa wá.

Nísisìyí a dé ibi tí ó dùn wá jù. Ẹni tí ó bá wo àwọn èdè tí Tasmota ń sọ yóò rí Jámánì àti Faransé, yóò rí Pọtogí ti Brazil, yóò rí ti Vietnam àti Afrikaans. Yóò rí Frisian pẹ̀lú, èdè àwọn ènìyàn kan ní àríwá Netherlands tí wọn kò pé mílíọ̀nù kan. Kò ní rí Yorùbá. Kì í sì í ṣe ìjọba ni ó ń fi èdè síbẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ kan ni, tí ẹnikẹ́ni lè túmọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó sì mú un tọ àwọn tí ń tọ́jú ètò náà lọ.

Wọn a máa wí pé èdè wa kò gba irú iṣẹ́ yìí. Ẹ gbọ́ ná. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì, power àti energy, tí àwọn tí ó ni èdè náà pàápàá ń dà pọ̀. Àwọn atúmọ̀ wa sọ méjèèjì di agbára, wọ́n sì ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta omi tútù ní Bódìjà kì í dà wọ́n pọ̀. Bí ó bá wí pé fíríìjì òun ń jẹ iná, wáàtì ni ó ń sọ. Bí ó bá wí pé ó ti jẹ iná, yúníìtì ni ó ń sọ. Ń àti ti, ọ̀rọ̀ kékeré méjì wọ̀nyí, ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Nítorí náà àwa dá a lábàá pé kí ojú ìwé pọ́lọ́ọ̀gì kà báyìí: Ó ń jẹ, Ó ti jẹ lónìí, Ó jẹ lánàá, Ó ti jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níti fólítì, gíga iná ni a fẹ́, nítorí gbogbo wa ni ó ń wí pé iná lọ sílẹ̀; níti ámpíà, ìṣàn iná.

Ọ̀kan kù tí a kò fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí: ìdá tí ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú iná tí ń wọ inú ẹ̀rọ, èyí tí ó jẹ́ 1 fún áyọ́ọ̀nù, tí kì í sì í pé 1 fún fáànù. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a pè é ní èrè iná. Àwọn mìíràn kọ̀, wọ́n ní èyí tí kò ṣiṣẹ́ kò ṣègbé, ó ń padà sójú wáyà ni, a kò sì lè pe ìyókù ní òfò. Kí ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó sàn ju èyí fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí oṣù yìí tó parí, kí a lè tẹ gbogbo ìwé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tí ń bọ̀.