Wọ́n Ti Tú Àgọ́, Opó Ṣì Wà Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò dùn ún gbọ́, kò sì yọ èmi tí mò ń sọ ọ́ sílẹ̀. A mọ bí a ti í sin òkú. A ti gbàgbé bí a ti í tọ́jú ẹni tí òkú fi sílẹ̀ lọ.

Ní àdúgbò mi ní Kétu, bàbá àgbà kan jí ní ìdájí láti ṣe àlùwàlá. Wọn kò ṣàìsàn, wọn kò sọ pé nǹkan kan ń dun àwọn. Ibi tí omi àlùwàlá wà ni wọ́n ṣubú sí. Ìyàwó wọn, tí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, ni ó kọ́kọ́ rí wọn nílẹ̀. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, a ti sin bàbá. Ní ọjọ́ kẹjọ, àgọ́ gba gbogbo òpópónà, a pa màlúù, a wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, gbohùngbohùn kò jẹ́ kí àdúgbò gbọ́ ara rẹ̀. Èmi náà ra aṣọ náà. Mo jẹ, mo mu. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a tú àgọ́, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó yà kí ìyá. Mo bá wọn lórí ẹní, ìkòkò wọn wà ní dídojúdé, ààrò tutù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bàbá ni mo máa ń dáná fún. Ta ni kí n máa dáná fún báyìí?" Mo béèrè ìgbà tí wọ́n jẹun kẹ́yìn, wọn kò lè sọ. Ogiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ilé wọn àti ilé mi. Ojú tì mí gidigidi.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé ìyá ní ọmọ. Òótọ́ ni, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ọmọ wa wà? Wọ́n wà ní Kútọnú, ní Èkó, ní Libreville, ní Paris. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù, n kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n owó kì í jókòó ti ènìyàn lóru. Owó kò lè ṣàkíyèsí pé ìyá kò ṣí fèrèsé láàárọ̀ yìí. Aládùúgbò ni í rí i.

Ẹlòmíràn yóò ní àṣà ni, pé opó gbọ́dọ̀ dá wà. Irọ́ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, opó kì í dá sùn. Ẹnìkan a máa sùn tì í, ẹnìkan a pọn omi fún un, ẹnìkan a sì máa bá a sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ìsìláàmù pẹ̀lú la oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá sílẹ̀ fún opó. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé tọ̀ ọ́. Èèwọ̀ inú àṣà nìkan ni a dì mú, a da ìtọ́jú inú rẹ̀ nù.

Kí a má sì gbàgbé àwọn bàbá. Bí ìyàwó bàbá àgbà kan bá kú lójijì, a ó ní, "Ẹ ṣe ọkàn gírí, ọkùnrin ni yín." Bàbá tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún láti ogójì ọdún, tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀!

Ọ̀rọ̀ ìwé tún wà níbẹ̀. Òfin ẹbí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2004 ka ọkọ tàbí aya tí ó kù mọ́ àwọn ajogún. Síbẹ̀, nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo rí opó tí ó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn nítorí ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, tí gbogbo rẹ̀ wà ní èdè Faransé tí kò gbọ́. Àwa tí a kàwé, kí ni a kà á fún?

A ń yangàn pé UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní ọdún 2001. Kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí kò ṣe ìjúbà fún àwọn ìyá wa? Ṣé a ó júbà ìyá lójú agbo, kí a sì fi ìyá sílẹ̀ lẹ́yìn ogiri? A ń fi Àkàbà Ìdẹ́nà han àlejò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹnubodè wà fún, bí àwọn tí ó wà nínú odi kò bá ṣọ́ ara wọn? Orí ènìyàn ni ọba ń jẹ, kì í ṣe orí ògiri.

Nítorí náà, mo béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí aṣọ ẹgbẹ́jọdá má jẹ́ dandan níbi òkú mọ́. Kí a pín owó tí a bá dá sí méjì, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó kù, fún ọdún kan gbáko. Èkejì, kí a má tú àgọ́ láìtíì yan aládùúgbò méjì, ọ̀kan fún òwúrọ̀, ọ̀kan fún alẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹnìkan tí ó mọ̀wé bá opó dé ọ́fíìsì, kí ó ka ìwé fún un ní èdè rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka.

Ẹ má sì ṣe bi àgbà pé, "Kí ni ẹ fẹ́?" Àgbà kò ní tọrọ. Ẹ gbé àwo lọ, kí ẹ jókòó, kí ẹ jọ jẹ ẹ́. Bí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ olóògbé, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mo fẹ́ ba iyì òkú jẹ́. Ẹni tí òkú fi sílẹ̀ ni iyì rẹ̀. Àwọn baba wa ní ènìyàn ni aṣọ. Wọn kò sọ pé aṣọ ni ènìyàn.

Ìyá ti ń dáná padà báyìí. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi ni wọ́n ń dá a fún, ní alaalẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ wo ilé tí ó tẹ̀lé tiyín. Ẹ kan ilẹ̀kùn.