Yíyan Tábà Kan fún Ọjọ́ Pípẹ́

Ìbéèrè kan tí àwọn tí ń fi ìkòkò mu tábà kì í yé bi ara wọn ni èyí: nínú gbogbo àdàlù tí ń bẹ lọ́jà, èwo ni kí ènìyàn yàn, kí ó sì dúró tì í? Èrò tiwa ni pé imú ni ọ̀pọ̀ fi ń yàn, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n àti ẹ̀tẹ̀ ni yóò ru ẹrù náà.

Òórùn dídùn tí ń ta sánsán nígbà tí a bá ṣí agolo kì í sábà jẹ́ ti ewé fúnra rẹ̀. Ewé Burley, tí a fi afẹ́fẹ́ gbẹ, kò ní ṣúgà púpọ̀. Nítorí náà ni ó fi ń gba adùn tí a bá fi sí i, bí òwú ti ń gba aró. Ẹni tí ó jókòó ti amutábà ni yóò gbádùn rẹ̀ jù. Virginia, tí a fi ooru gbẹ nínú abà, ní ṣúgà tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á ní ìkánjú, yóò jó ahọ́n. Latakia, tí a ń fi èéfín igi yan, ń rùn bí ẹran orí àjà. Àwọn ará ilé amutábà ni ẹlẹ́rìí wa. Perique ti Louisiana, tí a ń tẹ̀ mọ́ inú àgbá títí yóò fi kan, ata ọbẹ̀ ni: ta ni í fi ata nìkan ṣe oúnjẹ? Bí a bá ní kí àwa yàn, Virginia pẹ̀lú ìwọ̀nba Perique ni, nítorí pé ó ń dára sí i bí ó ti ń pẹ́ nínú agolo tí a dé pinpin.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “dúró tì í” yìí ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹni tí ń ta á kì í dúró: ilé iṣẹ́ McClelland ní Kansas City, tí ọ̀pọ̀ amutábà gbẹ́kẹ̀ lé, ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 1918 àti 100 ọdún, èyíinì ni 2018. Ara ẹni tí ń mu ún pẹ̀lú kì í dúró. Ìròyìn tí ọ̀gá àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1964 ti sọ ọ́ gbangba pé ìkòkò tábà ń fa jẹjẹrẹ ètè. Àwọn tí ń wí pé àwọn kì í gbé èéfín mì kò bọ́, nítorí pé inú ẹnu gan-an ni nikotíìnì ti ń wọ ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ẹ wo J. M. Barrie, òǹkọ̀wé ará Skọ́tílándì, tí ó tẹ My Lady Nicotine jáde ní 1890. Ó yin àdàlù kan tí ó pè ní Arcadia bí ẹni pé kò sí òmíràn láyé. Conan Doyle pàápàá fi í sínú ìkòkò Dókítà Watson ní 1893. Ní 1897, Barrie sọ pé Craven ti ilé Carreras ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni; àwọn Carreras sì fi ọ̀rọ̀ náà polówó ọjà wọn. Báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń fi ahọ́n ẹlòmíràn yan tábà. Àwọn tí ń ka ìwé náà fún ẹ̀rín kì í sábà dúró ní ìparí rẹ̀, níbi tí ẹni tí ń sọ ìtàn, tí ó ti fi tábà sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó, ti fi ìkòkò òfìfo sẹ́nu lóru nígbà tí aya rẹ̀ ti sùn, tí ó ń tẹ́tí sí aládùúgbò tí ń mu tirẹ̀ lẹ́yìn ògiri.