Wọ́n kó fọ́tò wọn kúrò lára ògiri, ni ilé wọn bá gbówó lórí

Tọkọtaya aláwọ̀ dúdú kan tó ń gbé ní Marin City, ní California l'Amẹ́ríkà, ló fẹ́ tún ètò owó tí wọ́n yá lórí ilé wọn ṣe ní báńkì lọ́dún 2020. Ṣé ẹ mọ̀ pé báńkì ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu onílé gbọ́, àfi kí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì láti díye lé ilé wá wò ó. Ẹni yẹn wá, ó yẹ ilé wò yíká, ó ní 995,000 dọ́là ni. Háà! Ilé tí wọ́n ti ná owó rẹpẹtẹ lé lórí!

Wọ́n ní kí ẹlòmíì wá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kó fọ́tò wọn pamọ́, ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ òyìnbó gbé tiẹ̀ síbẹ̀, ó jókòó bíi pé òun ló nilé. Iye tí wọ́n pè é lé ní mílíọ̀nù 1.48 dọ́là. Ilé kan náà o! Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn lọ́dún 2023, kóòtù ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ara àdéhùn ọ̀hún ni pé ẹni tó pe owó àkọ́kọ́ á lọ jókòó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Kíláàsì kì í kúkú ṣe tuntun fún wọn. Láísẹ́ǹsì yẹn kì í ṣe èyí téèyàn á gbà tán, tí á gbé kọ́ ògiri, tí á lọ sùn. Wákàtí 14 lọ́dún ni ìlànà ní kí wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́, wákàtí 7 sì gbọ́dọ̀ lọ sórí òfin iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní USPAP lọ́dún méjì-méjì. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá pé, kò ní rí láísẹ́ǹsì tún gbà.

Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ Appraiser Qualifications Board kéde pé láti January 2026, kíláàsì lórí ojúsàájú gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: wákàtí 7 nígbà àkọ́kọ́, wákàtí 4 lọ́dún méjì-méjì lẹ́yìn ìyẹn. Wákàtí 7! Ẹlòmíì á fi ìdajì rẹ̀ tòògbé. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ kò ní lè sọ pé òun ò gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń rálé ní Houston tàbí Maryland, ẹ sọ fún wọn: bí iye tí wọ́n pe ilé bá kéré jù, wọ́n lè ní kí báńkì tún un yẹ̀ wò. Orúkọ gbogbo àwọn tó ní láísẹ́ǹsì ọ̀hún sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó.